Ẹni tó gbá mọ́tò mi nígbà tí mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù

Aṣọ ni mò ń rán ní Challenge, n'Ìbàdàn. Ṣọ́ọ̀bù mi kò ní ọgbà, kò ní géètì. Etí títì gan-an ni mo máa ń páàkì Corolla mi sí láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méje alẹ́, ọjọ́ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀. Mọ́tò ọdún 2008 ni, tòkunbọ̀, owó àjọ ọdún méjì ni mo fi rà á. Òun ni mo fi ń gbé aṣọ ẹbí lọ fún àwọn oníbàárà, òun ni mo fi ń lọ ra aṣọ ní Gbági. Bí ó bá sùn lọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì bítà fún ọjọ́ mẹ́ta, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ló dúró yẹn.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, mo jáde láti ra omi tútù, mo sì rí i pé fẹ́ńdà iwájú lápá òsì ti wọnú bí agolo tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Iná iwájú ti fọ́ sílẹ̀. Ọ̀dà funfun kan lẹ̀ mọ́ ibi tó wọnú náà, ó gùn tó ìka mi. Mo wo òkè títì, mo wo ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tó dúró dè mí.

Ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní òun gbọ́ "gbàà", ṣùgbọ́n iná lòun ń fẹ́, kí òun tó gbójú sókè ó ti lọ. Fọkanáísà ní jíìpù ni. Ọmọ iléèwé tó ń ra bọ̀ọ̀lì ní bọ́ọ̀sì ni. Ẹnìkan tún sọ pé ọlọ́kadà ni, èyí tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé, nítorí ọ̀kadà kò lè gbá mọ́tò kó wọnú tó báyẹn kí òun fúnra rẹ̀ má ṣubú. Gbogbo wọn ló fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, kò sì sí ọ̀kan tó rí nǹkan kan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń fi Míkírà funfun ṣe kábú-kábú, tòsí ṣọ́ọ̀bù mi ló máa ń dúró sí de èrò. Funfun ni mọ́tò rẹ̀, funfun ni ọ̀dà tó lẹ̀ mọ́ tèmi. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo pè é, mo bi í. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Mà, èmi kọ́. Mo lọ já èrò ní Mọ́lété, mi ò tiẹ̀ sí níbí." Mo yí Míkírà náà ká. Ibi tó ti họ pọ̀ lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè mọ èyí tó jẹ́ ti òní. N kò gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bó bá kí mi "Ẹ káàárọ̀ mà", mo lè hùn ún lóhùn, mo sì lè má dáhùn rárá.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń wakọ̀ n'Ékòó ló ní kí n ra kámẹ́rà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú, èyí tí wọ́n ń pè ní dash cam. Mo rà á. Ó ní wáyà kan tí wọ́n ń kì bọ ihò láítà, ihò tí gbogbo wa fi ń ṣáájì fóònù. Mo kì í bọ̀ ọ́, ó tàn, mo rí títì lójú rẹ̀ kedere, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí owó náírà wọ́n, tí gbogbo wa ń tò sẹ́nu báǹkì láti ìdájí, ẹnìkan tún họ mọ́tò mi láti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn dé ìlẹ̀kùn iwájú, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Inú mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n mo ní mo ti mú un lọ́tẹ̀ yìí. Mo sáré yọ mẹ́mọ́rì káàdì, mo kì í bọ kọ̀ǹpútà ọmọ mi. Fídíò tó kẹ́yìn níbẹ̀ parí ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú márùn-ún àárọ̀, ìṣẹ́jú náà gan-an tí mo pa mọ́tò. Ihò láítà inú Corolla mi kì í ní iná mọ́ bí mo bá ti yọ kọ́kọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Ẹni tó ta kámẹ́rà náà kò sọ ọ́ fún mi, èmi náà kò sì bi í. Gbogbo oṣù tí mo rò pé ó ń bá mi ṣọ́ mọ́tò, ìgbà tí èmi fúnra mi jókòó sínú rẹ̀ tí mò ń fojú ara mi wo títì nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Pẹ́ńtà ní òun kò gba tiransífà, káàṣì lòun ń fẹ́, káàṣì kò sì sí nílùú. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi gbé ara híhọ náà káàkiri.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ rewáyà. Ó ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ó fa wáyà láti bátìrì tààrà, ó fi téèpù dúdú dì í, ó gba owó rẹ̀. Lóòótọ́, kámẹ́rà náà kò kú mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, a lọ ṣe ìnáwó ní Ìsẹ́yìn, mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi la gbé lọ, mo sì fi tèmi sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé mo yí kọ́kọ́rọ́, kò ṣe ju "tẹ́, tẹ́, tẹ́" lọ. Bátìrì ti kú fin-ín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ pé kámẹ́rà kékeré kò lè mu iná púpọ̀. Tèmi ń mu nǹkan bí 0.3 ámpù. Ní wákàtí 24, nǹkan bí ámpù-wákàtí 7 ti lọ nínú bátìrì ámpù-wákàtí 62. Láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, 25 ti lọ. Bátìrì tuntun lè fara da ìyẹn. Tèmi ti lo ọdún mẹ́ta nínú ooru, 62 tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

Rewáyà kejì, bàbá àgbàlagbà kan ní Mọ́lété, ló ṣe é bó ṣe yẹ. Ó ní kí n lọ ra ohun tí wọ́n ń pè ní hardwire kit. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ, wáyà mẹ́ta ló jáde lára rẹ̀. Ọ̀kan lọ sí ìdí fíùsì tó máa ń ní iná nígbà gbogbo. Ìkejì lọ sí fíùsì tó jẹ́ pé ìgbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ nìkan ló ń ní iná. Òun ló ń jẹ́ kí kámẹ́rà mọ̀ pé a ti pa mọ́tò, kó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ìṣọ́. Ìkẹta lọ sí ara irin mọ́tò. Àpótí náà ló sì ń wo agbára bátìrì. Bátìrì tó kún máa ń wà ní nǹkan bí 12.6 fóólítì, bó bá wálẹ̀ dé 12.2, ó ti lo bí ìdajì. 12.2 la ní kó ti máa gé iná kámẹ́rà, kí mọ́tò lè rí èyí tó máa fi dáhùn. Nígbà tí bàbá náà ṣe tán, kò jẹ́ kí n lọ. Ó fi ìka kan wáyà kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ sọ iṣẹ́ tó ń ṣe kí n gbọ́, ìyáàfin. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá tú u lọ́la, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un bó ṣe wà." Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gba owó lọ́wọ́ mi.

Ooru ló pa kámẹ́rà àkọ́kọ́ náà nígbẹ̀yìn. Bátìrì kékeré wà nínú rẹ̀, irú ti inú fóònù. Lẹ́yìn gíláàsì tí oòrùn ń jó láti òwúrọ̀, ó wú títí ẹ̀yìn kámẹ́rà náà fi là. Àwọn kan wà tí kò ní bátìrì nínú, capacitor, ohun kékeré kan tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀, ni wọ́n fi ṣe tiwọn, ó sì ń fara da ooru ju bátìrì lọ. Irú ìyẹn ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó.

Ibi tí kámẹ́rà kọjú sí ṣe pàtàkì ju iye owó rẹ̀ lọ. Ọwọ́ ọ̀tún là ń wà ní Nàìjíríà. Bí mo bá páàkì sí etí ọ̀tún títì, tí mo kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ, gbogbo ọkọ̀ tó bá ti ẹ̀yìn mi kọjá ló máa fi nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ han kámẹ́rà iwájú mi. Ẹni tó bá họ mí lẹ́gbẹ̀ẹ́, bó ṣe ń sá lọ ni mo máa ka nọ́ńbà rẹ̀. Ẹni tó bá ń rìfáàsì bọ̀ láti iwájú, mo máa rí i kó tó dé ara mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ẹ̀yìn sí bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, bí mo ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ nígbà tí mo bá ń kánjú, nọ́ńbà iwájú nìkan ni mo lè rí kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, ọ̀pọ̀ wọn ni ti iwájú wọn sì ti já bọ́ tipẹ́. Ẹni tó bá sì gbá mi nídìí tó padà sẹ́yìn, kámẹ́rà iwájú kò ní rí ju pé mọ́tò mì lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra kámẹ́rà ẹ̀yìn kún un lẹ́yìn oṣù mẹ́rin.

Àwọn nǹkan kéékèèké wà tí kò sí nínú ìwé tó bá a wá. Èéfín bọ̀ọ̀lì máa ń fẹ́ gba ojú gíláàsì mi láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo sún mọ́tò síwájú ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́fà, ó tán. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bo gíláàsì débi pé kámẹ́rà kò rí ju òjìji lọ, nítorí náà aṣọ tútù ni mo kọ́kọ́ ń mú láràárọ̀ kí n tó mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Lálẹ́, bí iná ọkọ̀ mìíràn bá tàn lu nọ́ńbà, ó máa ń funfun báláú, kò ṣeé kà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, mo máa ń gbé mọ́tò lọ sábẹ́ iná ilé oògùn tó wà níwájú.

Nǹkan kan wà nínú kámẹ́rà tó ń mọ̀ bí mọ́tò bá mì, tó sì ń ti fídíò ìgbà náà pa kó má baà parẹ́. Mo kọ́kọ́ gbé e sókè pátápátá, mo rò pé bó bá ṣe gbọ́ràn tó ni yóò ṣe dáa tó. Gbogbo tírélà tó kọjá ló ń tì í. Gbogbo ọmọ iléèwé tó fara ti mọ́tò mi jẹ bọ̀ọ̀lì ló ń tì í. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, káàdì kún fún fídíò tí kò wúlò, kò sì sí àyè fún tuntun. Mo gbé e wálẹ̀ sí àárín, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́ńpà, mo wo èyí tó tì, mo tún un ṣe títí ó fi mọ ìyàtọ̀. Káàdì 64GB mi kì í gbà ju nǹkan bí wákàtí mẹ́sàn-án lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ti àtijọ́ rẹ́, nítorí náà bí ẹ bá ti rí i pé wọ́n gbá yín, ẹ yọ káàdì náà lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe tíì wa mọ́tò lọ ibìkan. Ẹ wo ọjọ́ àti aago tó wà lára fídíò pẹ̀lú. Tèmi ń sọ pé 2019 fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí n tó ṣàkíyèsí. Mo pa ohùn rẹ̀, nítorí àwọn oníbàárà máa ń bá mi sọ ọ̀rọ̀ ilé wọn nínú mọ́tò, kò sì yẹ kí ìyẹn wà nínú káàdì. Ẹ̀yìn díńgí ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ẹni tó ń fọ́ gíláàsì jí nǹkan má baà rí i láti ìta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n gbá mi lẹ́ẹ̀kẹta. Fẹ́ńdà òsì yẹn náà ni, iná iwájú yẹn náà. Mo yọ káàdì, mo ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó.

Fídíò náà kò gùn. Bọ́ọ̀sì funfun kan tó ń pín búrẹ́dì ti apá òsì wọlé, orúkọ ilé búrẹ́dì wà lára rẹ̀. Ó dúró níwájú mi. Ẹnìkan gbé búrẹ́dì sọ̀kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ó padà, bọ́ọ̀sì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìfáàsì. Kò yára rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń tóbi sí i lójú kámẹ́rà, ó ń tóbi sí i, àwòrán sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀ gbangba, lẹ́tà mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́ta, lẹ́tà méjì, pupa bíi ti gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣòwò. Awakọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mọ́tò mi, fìlà rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú fẹ́ńdà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó wo apá kejì. Ó padà wọlé, ó lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí ohun tí n kò wá. Ọmọ onímíkírà sáré wọnú àwòrán láti apá ọ̀tún. Ó ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì náà, ó ń fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, sálúbàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀ láàárín títì, kò dúró mú un. Àwọn méjèèjì sá jáde kúrò lójú kámẹ́rà. Nígbà tó padà dé, ó ń mí hẹlẹ. Ó mú sálúbàtà rẹ̀, ó wo fẹ́ńdà mi, ó wo ẹnu ọ̀nà mi. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó lọ.

Mo mọ ìdí tí kò fi kan ìlẹ̀kùn. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń kọ ẹ̀yìn sí i.

Ní Ọjọ́ Ajé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé búrẹ́dì náà. Mo ti da fídíò sínú fóònù mi àti ti ẹ̀gbọ́n mi, mo fi káàdì fúnra rẹ̀ sílé. Alhaja tó ni ibẹ̀ gbà wá dáadáa. Ó pe awakọ̀, awakọ̀ ní òun kò gba Challenge kọjá lọ́jọ́ náà. Mo na fóònù sí Alhaja. Ó wò ó, ó ní kí n tún un fi hàn, lẹ́yìn náà ó kàn ń wo awakọ̀ náà láìsọ nǹkan kan. Awakọ̀ kúnlẹ̀. Mo bi í nípa ti ọdún 2022, ó ní ọdún yẹn gan-an, 2024, lòun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Alhaja ní lóòótọ́ ni. N kò mọ ẹni tó ṣe ti àkọ́kọ́ títí di òní.

Ọ̀rọ̀ ínṣọ́ránsì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kúkúrú. Tádì-pátì tí ọ̀pọ̀ wa ń ra kì í tún mọ́tò tiwa ṣe. Ti ẹni tó gbá wa ló máa san tiwa, ìdí nìyẹn tí kò fi wúlò rárá bí a kò bá mọ ẹni náà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 tí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ínṣọ́ránsì, ti gbé owó rẹ̀ fún mọ́tò aládàáni láti 5,000 sí 15,000 náírà, ó lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà fún dúkìá tí wọ́n bà jẹ́. Mo ti fi nọ́ńbà bọ́ọ̀sì náà wo orí ètò NIID, ibi tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ ínṣọ́ránsì ọkọ̀ sí, kí a tó kúrò nílé, mo rí i pé ìwé rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, mo sì sọ ọ́ fún Alhaja. Ó ní òun kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà falẹ̀, òun fúnra òun máa san án. Ó san owó pánẹ́ẹ̀lì bítà, ó san ti pẹ́ńtà, ó sì fún mi ní owó iná iwájú tí mo lọ rà ní Àràròmí, ní Gate. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má lé awakọ̀ náà. N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo lọ bá ọmọ onímíkírà níbi tó dúró sí. Mo ní kó máa bọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó wọlé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fẹ̀sùn kàn. Mo fún un ní àga, mo fi fídíò náà hàn án. Ó wo ara rẹ̀ bó ṣe ń sáré, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, ó yọ fóònù tirẹ̀, ó ṣí i, ó gbé e sọ́wọ́ mi. Ó ti kọ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì náà síbẹ̀ láti Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́tà kan péré ni kò kọ dáadáa. "Mò ń wá bí mo ṣe máa fún yín, mà," ló sọ.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo dárúkọ ohun tí mo ṣe gan-an, pé mo fi ẹ̀sùn kàn án láìní ẹ̀rí, pé mo gbọ́ ìkíni rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ tí n kò dáhùn. Ó ní, "Ó ti tán, mà." Ó wá bi mí bóyá kámẹ́rà náà lè rí Míkírà tòun pẹ̀lú, nítorí wọ́n ti fọ́ iná ẹ̀yìn òun lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yẹn.

Mo ní bó bá páàkì síwájú mi, yóò rí i dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, Míkírà funfun ti wà níwájú Corolla mi, ó fi àyè tó pọ̀ tó sílẹ̀ kí nọ́ńbà ẹni tó bá kọjá lè hàn. "Ẹ káàárọ̀ mà," ló ké láti inú mọ́tò. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo lọ bá a níbẹ̀ kí n tó dáhùn.